Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Kọ ní Deco Road

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ tí mo fẹ́, àwọn ọ̀gá ilé ìwé tí mo bá ṣiṣẹ́. Tiwọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa fi pe ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, a ti sin ín, kò sì sí ẹni tó kù tó lè gbá mi létí. "Ó" ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, bó ṣe rí lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́.

Bàbá mi kú kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá mi padà sí agbègbè Ọ̀yọ́ níbi tó ti wá, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn, èmi sì kù sí Warri lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ń ta abọ́ tánganran, ìkòkò àti kúlà ní Deco Road. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Pidgin ni ọmọ náà ń sọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, á dáhùn pé, "Mama, I dey come." Kò sì ní í wá. Èmi nìkan ni mò ń fi Yorùbá dá a lóhùn nínú ilé yẹn. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rán mi níwèé ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó sì lè jẹ́ pé nítorí ọmọ náà fi ìwé sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwé kẹta ni. Mi ò bi í rí.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ lẹ́tà fún àwọn ará wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Àwọn ọlọ́jà tó ti òkè wá, tí wọ́n ń ta aṣọ àti àlùbọ́sà, á yà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ tó ń gbé etí omi, tí wọ́n ń ta ẹja yíyan, náà á wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé á jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò, á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá kà á sí i létí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá fi itọ́ lẹ àpò lẹ́tà náà pa, kó lè dá a lójú pé ojú ẹlòmíràn kò ní í kàn án mọ́ kó tó délé. Awakọ̀ tó ń lọ sókè la máa ń fi rán. Bí èsì bá dé, èmi náà ni màá kà á fún wọn. A kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú máa ń ti ènìyàn láti dìde lórí àga yẹn kó má ra nǹkan kan, ì báà ṣe ṣíbí. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe fi ìka ọwọ́ mi kó oníbàárà jọ nìyẹn.

Òfin kan ló fún mi.

"Bí o bá ti gbé lẹ́tà wọn lé wọn lọ́wọ́, gbàgbé ẹ̀. Bí o bá pàdé wọn lọ́nà, ojú ẹ ò gbọdọ̀ rántí."

"Màmá, báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé ohun tó ti gbọ́?"

"Bí o ṣe ń gbàgbé láti fọ abọ́ ni."

Mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Mo gbìyànjú o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mọ́ mi. Obìnrin ẹlẹ́ja kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìlàjẹ ló ń sọ, èmi sì ń yí i sí Yorùbá ilé ìwé bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí mo rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Á ní, "Kọ pé mo ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀." Á tún ní, "Kọ pé ajá tó fi sílẹ̀ ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti bímọ tiwọn." Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kọ pé mi ò bínú." Mo kọ ọ́. Ó wo ìwé náà bí ẹni tó lè kà á. "Rárá, pa ìyẹn rẹ́. Kọ pé mò ń bínú, ṣùgbọ́n kó ṣáà máa bọ̀."

Èsì kankan kò wá. Èmi ló yẹ kí n kà á tó bá wá, nítorí náà mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ènìyàn wà níbẹ̀, á gbóhùn sókè: "Ọmọ mi tún kọ̀wé o! Ó ní kí n kí gbogbo yín!" Wọ́n á ní kú oríire. Èmi á tẹjú mọ́ gègé ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà máa ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé. Ó máa ń dúró kí gbogbo ènìyàn lọ tán. Á wá jókòó sórí àga yẹn gan-an, bí ẹni tí kì í ṣe òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Kọ pé ara mi le. Kọ pé ọjà ń lọ. Kọ pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún wa."

"Ó tán, Màmá?"

"Kọ pé..." Á tún wo ọwọ́. "Rárá. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ lẹ́tà kan náà fún un. Kò dùn, kò kan.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní ilẹ̀ Yorùbá, tí mo ní èdè Yorùbá ni mo fẹ́ kà, àwọn ará wa ní Warri fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Yorùbá tá à ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí náà lẹ fẹ́ rán an lọ kọ́?" Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà tiyín ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ká rí i." Mo kọ ìyẹn síbí nítorí pé ó sọ ọ́.

Mo rí ohun tí mi ò rí rí ní ilé ìkàwé wọn: pẹpẹ kan tó ti ilẹ̀ dé òkè, tó jẹ́ pé ìwé Yorùbá nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ní Warri, ẹnu ni mo mọ Yorùbá sí. Ẹnu àwọn ará wa, ẹnu oníwàásù, ẹnu èmi náà bí mo bá ń ka lẹ́tà. Mi ò mọ̀ pé ó lè dúró lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀, kí eruku bà lé e, kó máa dúró de ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo ń kà á bí ẹni tí wọ́n ní wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní ọmọ Warri. "Ọmọ Warri, sọ 'How far' fún wa ká gbọ́!" Wọ́n ní Yorùbá mi dà bí ọbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta sè: mo gba Ọ̀yọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo gba Ìjẹ̀bú lẹ́nu télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, mo gba Ìlàjẹ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́ja. Ó dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo ra ìwé kan, aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo wọn sínú rẹ̀.

Mi ò yí wọn sí Yorùbá ilé ìwé mọ́. Mo kọ èébú tí télọ̀ máa ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde. Mo kọ bàbá tó ń pọnmi fún wa, bó ṣe ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀. Mo kọ ìyá ẹlẹ́ja, ajá rẹ̀, oúnjẹ tó ń bù sọ́tọ̀, àti lẹ́tà tí kò wá. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìyẹn tó.

Olùkọ́ wa kan gbà á kà. Nígbà tó dá a padà, ó bi mí pé, "Níbo lo ti rí àwọn ènìyàn yìí?"

"Ṣọ́ọ̀bù wa ni, sà."

"Dà á kọ kó mọ́ nígbà ìsinmi, kó o gbé e padà wá. Mo mọ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yìí, má ṣe fọwọ́ kàn án o."

Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mò ń rìn lọ sí ibùsọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.

Ìsinmi yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Mo ti ń da ìwé náà kọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn káńtà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì tí mo dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi rán mi sílé pé kí n lọ gbé àwọn kúlà tó ṣẹ́kù wá. Mo fi ìwé sílẹ̀ lórí káńtà. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ń kàwé sókè. Yorùbá kíkà kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Ó ti ka èébú télọ̀ fún wọn, télọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. "Ṣé bí mo ṣe ń bú wọn nìyẹn? Áà, ọmọ yìí ò ní í kú ire!"

"See as my sister sabi write!" Ọmọkùnrin náà ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ìyá ẹlẹ́ja ni ó ṣí. Ìyá ẹlẹ́ja sì jókòó lórí àga onígi, bàsíà ẹja rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kúlà mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì rí ibi tí màá gbé wọn kalẹ̀ sí láàárín àwọn ènìyàn. Ọmọkùnrin náà ka ajá. Ó ka oúnjẹ. Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró, nítorí gbogbo wọn mọ ohùn ta ni. Ó wá ka ibi tí mo kọ ọ́ sí pé: ọdún mẹ́fà, lẹ́tà kan ò wá rí, ìyá náà ló ń dá a sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun kọ̀wé.

Kò tíì pẹ́ tí obìnrin náà wọlé tó ní ọmọ òun kí gbogbo wọn.

Ó dìde. Ó gbé bàsíà rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lo kọ ọ́," ó ní, ó sì kọjá lọ. Mi ò tún fojú kàn án mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bú mi títí dòní pé mo bínú sí òun lásán. "I been wan make dem praise you." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mi ò gbà á gbọ́. Ẹni tí kò ka ìwé Yorùbá kan rí láyé rẹ̀, ọjọ́ wo ló wá di ẹni tó ń ka tèmi sí gbogbo ènìyàn létí?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò pariwo. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi abala gèlè rẹ̀ wé e, ó gbé e sábẹ́ apá. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí àga onígi. Wọ́n ti ń lọ bá ọmọ kan ní mọ́sáláṣí kó máa kọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó ti ìkòkò rẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń wo ìta. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"O ò padà sí yunifásítì mọ́."

"Màmá, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ ìyá náà."

"Níbo lo ti fẹ́ rí i? Mo rán ẹ lọ kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ran ara lo lọ ń kó jọ bí ẹní ń ṣa igi."

"Ẹ fún mi ní ìwé mi nígbà náà."

"Mo ti sun ún."

Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un lójoojúmọ́ títí ìsinmi fi parí, tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi padà. Kò wo ojú mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé kò wo ojú mi. Èyí tí mo ti dà kọ kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, ó sì jóná pẹ̀lú rẹ̀, nítorí inú ìwé náà ni mo fi í sí. Olùkọ́ wa kọ lẹ́tà sí mi nígbà tó ṣe, ó ní kí ló dé, ó ní àwọn tó ń tẹ̀wé ń béèrè. Èmi tí mo ti kọ lẹ́tà fún gbogbo ará wa ní Warri, mi ò mọ ohun tí màá kọ sí i. Mi ò dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, mo gba oyè yunifásítì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mò ń ṣiṣẹ́, mo sì ń kàwé. Mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ Warri ní Gẹ̀ẹ́sì, Pidgin ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn. Mo fẹ́ ọkùnrin tó gbà pé obìnrin tó jókòó ti ìwé kò níṣẹ́ ṣe. Mo bímọ fún un. Mi ò kọ ìlà Yorùbá kan mọ́, àfi orúkọ àwọn ọmọ. Bí ọdún iléyá bá dé, mo máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo máa ń dúró níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mu ife omi kan, màá sì lọ. Kò dárúkọ ìwé náà. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ti kọ́lé sí Orhuwhorun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé. "Mama dey call you. Abeg, come." Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ekete níbi tí mò ń gbé, mo lọ. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún. Mo ti pinnu pé màá sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sán ni. Wọ́n ti gbé Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ wọn sì wà lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Ìwé tó o kà ò kọ́ ẹ ní ìṣirò." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu wọn. Mo gbé omi fún wọn. Mo jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò ti fọ́nká, ẹyọ kan ló kù.

"Màmá, ìwé mi yẹn. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ kàn sun ún ni. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ rí."

Wọ́n yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ohun tí wọ́n sọ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò ní í fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù kejì lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni a sin wọ́n. Wọ́n ní:

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ ọ́n? Kí n tó sun ún, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ọmọ mi yìí kà á fún mi. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ló fi kà á. Bó bá kọsẹ̀, mo ní kó padà sẹ́yìn. Télọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja wà níbẹ̀. Bàbá tó ń pọnmi wà níbẹ̀, tòun ti ikọ́ ẹ̀. Mo ní, 'Ó tán?' Ó ní ó tán. Mo ní kó tún tú u wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sórí àga yẹn níwájú ẹ, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu tèmi ni?"